Má Dọ̀bálẹ̀ Títí Egbò Ojúgun Rẹ Yóò Fi Jinná

Iníṣà,
Ọ̀sán ọjọ́ ọjà.

Àkànní, ọmọ mi àtàtà,

Èmi ìyá rẹ ni mo ń kọ èyí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ọ́. Akọ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ní kí n jókòó, kí n máa sọ ọ́, kí òun máa kọ ọ́. Mo ní kí ó fi gègé rẹ̀ sápò. Ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ etí kẹta. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí mo lọ kò pẹ́, ṣùgbọ́n n kò lọ sùn níbẹ̀. Bí ìlà bá wọ́, ìwọ tẹ orí rẹ, kí o kà á bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà tí o ti gba iṣẹ́ tíṣà ní Abẹ́òkúta, gbogbo lẹ́tà rẹ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ bákan náà: "Ara mi le koko, mo sì gbàgbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ara yín rí." Mo ń kà á, mo ń yọ̀, mo ń kó wọn sábẹ́ ìrọ̀rí. Àfi ìgbà tí Ìyá Bọ̀sẹ̀, aláṣọ àdìrẹ, ti ọ̀dọ̀ yín dé. Ó gbé ṣúgà tí o fi rán an fún mi, mo sì bu omi fún un, ó jókòó.

Ó ní, "Ìyá Àkànní, ọmọ yín ti di gbajúmọ̀ o! Ṣòkòtò péńpé funfun, ìbọ̀sẹ̀ gígùn dé orúnkún. Bí kì í bá ṣe pé mo mọ imú rẹ̀, gẹ̀ẹ́sì ni ǹ bá fi kí i."

Mo ní, "Ṣé ó ń rìn dáadáa?"

"Ó ń rìn bí ọ̀gá."

"Báwo ni ọ̀gá ṣe ń rìn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin náà! Ó kàn ń rọra gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Mo rò pé bàtà tuntun ló ń há a."

Mo jẹ́ kí ó mu omi tán. Mo tún bi í. O mọ̀ mí, bí mo bá di ọ̀rọ̀ mú, n kì í jù ú sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó jẹ́wọ́ pé òun rí ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òun sùn sílé yín. O fẹ́ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kò bọ́. Ó ti lẹ̀ mọ́ ẹran. O bu omi lé e kí o tó lè fà á, o sì kọ ẹ̀yìn sí i. O ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màámi."

Má bínú sí i. Èmi ni mo fún ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí a ti ń fún epo.

Bóyá ó rò pé òun fẹ́ tù mí nínú ni, ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o. Bàbá onílé rẹ̀ ń yìn ín. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, gbalaja ni ó ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn lórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n ní àwọn kò rí irú rẹ̀ láàárín àwọn tíṣà ìsinsìnyí."

Ìyá mìíràn ì bá jó. Èmi kò jó. Ìyìn yẹn wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún. Nígbà tí Ìyá Bọ̀sẹ̀ lọ tán, mo jókòó sórí àpótí níbi tí o máa ń jókòó sí, n kò sì mọ ìgbà tí ojúmọmọ lọ.

Ọmọ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ibi tí pẹ́dàlì kẹ̀kẹ́ ti ha ọ́ lójúgun nígbà tí o ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ sí Abẹ́òkúta, tí o ní kò jẹ́ nǹkan kan, ti di egbò. O ń fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó, o sì ń fi dọ̀bálẹ̀. Bí o bá ń bá a lọ báyìí, ẹsẹ̀ yẹn kò ní sìn ọ́ dọ́jọ́ alẹ́. Kì í ṣe àlá ni mo lá. Orúnkún ara mi ló kọ́ mi.

O mọ̀ pé n kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn. O mọ orúkọ tí àwọn obìnrin agboolé sọ mí nítorí rẹ̀: Ìyá Adúrókíni. Nígbà tí o wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní Òkukù lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, o bá ọmọ kan jà lórí orúkọ náà. O wá sílé, o bi mí pé, "Màámi, kí ló dé tí ẹ kì í kúnlẹ̀?" Mo ní kí o lọ pọnmi. Jókòó nísinsìnyí, kí n dá ọ lóhùn.

Ikú bàbá rẹ kò tíì pẹ́ nígbà náà. Epo ni mo ń ṣe. Mo kúnlẹ̀ ti ìdì ẹyìn, mo ń ṣa á, ẹ̀gún rẹ̀ kan sì wọ ìsàlẹ̀ orúnkún mi, níbi tí egungun ojúgun ti bẹ̀rẹ̀. Mo fà á yọ, mo tu itọ́ sí i, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Ó wú, ó tú, ó di egbò. Mo fi ewé tábà lé e. Mo tún fi dúdú inú òkú bátìrì kùn ún, nítorí ẹnìkan ní ó gbẹ tòun. Ó gbẹ lójú lóòótọ́, ó ń jẹ lábẹ́.

Ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ ẹyìn nínú kòtò epo. Ta ni yóò ra epo lọ́wọ́ ẹlẹ́gbò? Mo háyà obìnrin kan kí ó máa bá mi tẹ̀ ẹ́, mo ṣe bí ẹni pé mo ti di ọ̀gá. Mo sì sọ ìró mi kalẹ̀ títí ó fi ń gbálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojúgun mi. Ǹjẹ́ o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Àwọn ìyàwó ilé rò pé àṣà tuntun ni! "Ẹ wo ìró Ìyá Àkànní bó ṣe ń wọ́ bí ti ìyàwó lọ́yà!" Kò pẹ́, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tiwọn. Bí o bá rí wa lọ́jọ́ ìsinmi, gbogbo wa ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Àwọn ń ṣe fáàrí, èmi ń bo egbò. Nígbà tí mo gbọ́ pé ìbọ̀sẹ̀ rẹ dé orúnkún, mo rántí ìró yẹn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìró ló bà mí jẹ́. Ìkúnlẹ̀ ni. O mọ àárọ̀ agboolé wa. Obìnrin ilé kì í jáde láìjẹ́ pé ó ti kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà láti ojúlé dé ojúlé. Egbò náà yóò mú èépá wá, n ó fi kúnlẹ̀, èépá yóò fọ́. Ní ọ̀la, bẹ́ẹ̀ náà ni. Opó ni mí, ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní, n kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ikú ọkọ ti sọ mí di aláìníwà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ẹni tó dàgbà jù nínú agboolé nígbà náà. Nígbà tí mo dìde, wọ́n na ọ̀pá wọn sí ẹní.

"Kí ló wà lórí ẹní mi yìí?"

"Epo ni, Ìyá. Ẹ má bínú, iṣẹ́ ni."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Láti kékeré ni mo ti ń ṣe epo. Epo kì í rùn báyìí. Gbé ìró yẹn sókè."

Mo di etí ìró mi mú.

"Mo ní gbé e sókè, olóríkunkun!"

Mo gbé e sókè. Wọn kò pariwo. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n sì ní, "Ta ló ní kí o máa fi èyí kúnlẹ̀ fún mi? Ṣé n ó fi ẹsẹ̀ rẹ jẹ oúnjẹ àárọ̀ ni? Láti òní lọ, òòró ni kí o dúró kí mi."

Ṣé o rí i, Àkànní? Àgbà tí mo ń tìtorí rẹ̀ pa ara mi kò bèèrè fún un. Ká ní mo ti la ẹnu láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, wọn ì bá ti dá mi sílẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Wọ́n mú mi wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkìrun. Ọkùnrin tó ń wẹ egbò níbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní dókítà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe dókítà, kò ní sùúrù rárá. Ó ní, "Ìyá, ẹ na ẹsẹ̀ yẹn sórí àpótí."

Mo ní, "Níwájú àwọn àgbààgbà tó jókòó yìí?"

Ó ní, "Egbò kò mọ àgbà. Ẹ nà án."

Ó wẹ̀ ẹ́, mo gbé ohùn sókè. Ó gún mi lábẹ́rẹ́, mo bú u. Ó ní òun ti gbọ́ èébú tó ju èyí lọ láti ẹnu ẹni tí egbò rẹ̀ kéré sí tèmi. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní, "Ẹ má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí awọ yóò fi bò ó pátá. Ìbáà ṣe ọba."

Mo dáhùn pé mo gbọ́. Gbogbo ohun tó ní kí n ṣe ni mo ṣe, àfi ìyẹn. Lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, mo ń dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí egbò náà ti ń pa ojú dé, tí ẹran rẹ̀ pupa dáadáa, àwọn àgbà ìdílé bàbá rẹ ti Òkukù wá ṣe ìrántí rẹ̀. Ilé kún. Ìyá Àgbà ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n dúró, mo ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Mo kúnlẹ̀ fún ẹni àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀ fún èkejì, mo kúnlẹ̀ fún gbogbo wọn. Wọ́n yìn mí. Wọ́n ní ìyàwó gidi ni èyí. Nígbà tí wọn yóò fi lọ, ẹ̀jẹ̀ ti kún bàtà mi.

Egbò náà tú padà, ó sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó wá jinná lẹ́yìn ìyà púpọ̀, àpá rẹ̀ ti fa awọ orúnkún jọ. Ó le bí awọ ìlù àtijọ́ tí oòrùn pa. Kò ká mọ́. Nítorí pé n kò gbà láti dá ìkúnlẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, n kò lè kúnlẹ̀ mọ́ láéláé. Àwọn tó yìn mí lọ́jọ́ náà kò mọ̀. Èyí tó kù nínú wọn wà lára àwọn tó ń pè mí ní Adúrókíni. Èmi náà kò sì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kàkà kí n máa ká ìró sókè fi àpá bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n máa pè mí ní agbéraga. Mo dẹ́kun lílọ síbi ìkómọ, mo dẹ́kun lílọ síbi ìgbéyàwó. Àwọn náà dẹ́kun pípè mí. Bí ilé mi ṣe dákẹ́ nìyẹn, kí o tó lọ rárá. Ìwọ ni ariwo tó kù níbẹ̀.

Ó yá, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Èkínní, dìde lọ bá bàbá onílé rẹ. Ká ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n rí i. Sọ fún wọn pé, "Màámi ní Iníṣà ní kí n má dọ̀bálẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi yóò fi san." Bí ojú bá ń tì ọ́, fi ẹ̀bi rẹ̀ lé mi lórí, ọrùn mi gbà á. Bákan náà ni kí o sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín. O ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní kí aláìsàn máa lọ sílé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, n kò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá bọ́ lónìí, òmíràn lè wá lọ́la. Ẹsẹ̀ kì í hù.

Èkejì, lọ sí ilé ìwòsàn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Má sọ pé o ń ṣàmì ìwé àwọn ọmọ. Jẹ́ kí wọ́n wò ó, kí wọ́n gún ọ lábẹ́rẹ́ bí wọ́n bá ní ó yẹ. Bí ibà bá mú ọ, bí abẹ́ itan bá so kókó, bí etí egbò bá dúdú tàbí bí ó bá ń rùn, má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí o tó lọ.

Ẹ̀kẹta ni wíwẹ̀ rẹ̀. Wẹ ọwọ́ rẹ pẹ̀lú ọṣẹ kí o tó fi kàn án. Se omi kí ó hó dáadáa, fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, jẹ́ kí ó tutù, fi wẹ̀ ẹ́. Bí aṣọ bá lẹ̀ mọ́ ọn, rẹ ẹ́ sínú omi yẹn títí yóò fi jáwọ́ fúnra rẹ̀. Má fà á bí o ti fa ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Èépá tí o bá fà ya, awọ tuntun ni o fà ya. Aṣọ ìró mi àtijọ́ tó rọ̀ ni mo ya ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí mo sè, tí mo sá sóòrùn, tí mo fi irin lọ̀. Wọ́n wà nínú àpò tí Ìyá Bọ̀sẹ̀ gbé wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Fi wé e, má fún un jù. Èyí tí o bá lò, sè é kí o tó tún un lò.

Má fi tábà sí i. Má fi bátìrì sí i. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbẹ́ màlúù kùn ún fún ọ, mo mọ ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ dì pa nítorí rẹ̀, tí kò lajú mọ́. Má fi ẹsẹ̀ yẹn wọ odò. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn yẹn, bọ́ ọ jù sínú àpótí.

N kò ka nọ́ńbà mọ́, ó ń dà mí láàmú. Bí o bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, jókòó, gbé ẹsẹ̀ sórí àga kí ó ga ju ìbàdí rẹ lọ. Bí àgbà bá wọlé bá ọ bẹ́ẹ̀, kí wọn láti ibi tí o wà. Jẹ ẹ̀wà, jẹ ẹyin, jẹ ẹja. Mo mọ̀ pé gàrí ni o ń mu kí o lè fi owó ránṣẹ́ sí mi. Má fi ránṣẹ́. Gàrí kì í dí ojú egbò.

Ọgbọ́n kan wà tí kì í ṣe ti ilé ìwòsàn, tèmi ni. Mú igi ìgbálẹ̀ kan tó mọ́. Nà án sókè ojú egbò, má jẹ́ kí ó kàn án, kí o sì ṣẹ́ ẹ ní ìwọ̀n bí egbò náà ṣe fẹ̀ tó. Bí o bá tún fẹ́ kọ lẹ́tà, ṣẹ́ òmíràn. Fi wọ́n sínú àpò ìwé fún mi. Má kọ "ara mi le koko" sí mi mọ́. Èmi yóò tò wọ́n sórí tábìlì, n ó máa fi ọwọ́ kàn wọ́n. Bí wọ́n bá ń kúrú, n ó mọ̀ pé o gbọ́ tèmi. Bí wọ́n bá ń gùn, n ó mọ̀ pé èmi ni mo bí ọ.

Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń fọn fèrè lọ sí ìsàlẹ̀, ọkàn mi ń bá a lọ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ara mi ni kò lè lọ. Àtẹ̀gùn ọkọ̀ ga, orúnkún mi kò gbà. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, n kì bá tí kọ̀wé. Ǹ bá ti wà níwájú rẹ báyìí, kí n fọwọ́ ara mi wẹ̀ ẹ́, kí o máa pariwo. Ẹ̀bà méjì ni mo ṣì máa ń tẹ̀ nígbà mìíràn, n ó sì jókòó wo èkejì títí yóò fi tutù. Èmi kò ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó wá jẹ ẹ́.

Ohun kan kù. Nígbà tí Ìyá Àgbà fẹ́ lọ, wọ́n ní kí gbogbo obìnrin ilé wá gbàdúrà. Gbogbo wọn kúnlẹ̀ yí ibùsùn wọn ká. Èmi nìkan ni mo dúró lẹ́bàá ògiri, ojú ń tì mí bí olè. Ìyá Àgbà wo gbogbo wọn, wọn kò rí ojú ẹnìkan, orí tí wọ́n tẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Wọ́n wá gbójú sókè sí mi, wọ́n ní, "Ìyá Àkànní, ìwọ dúró síbẹ̀. Ìwọ ni mo rí dáadáa."

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, èmi ni mo sì kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀. Èmi náà ni mo dá a dúró fún ọ báyìí. Ní ọjọ́ tí o bá dé fún ìsinmi, má dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Dúró ṣánṣán níbi tí oòrùn wà. Ká ṣòkòtò sókè. Jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan ojúgun rẹ. Bí mo bá rí i pé awọ ti bò ó, n ó sọ fún ọ, ìgbà náà ni kí o wá dọ̀bálẹ̀, kí gbogbo agboolé gbọ́ bí àyà rẹ ṣe kan ilẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adúrókíni.